Àwọn Tí Wọn Kì í Kà Mọ́ Iye

Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà báńkì ńlá ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ọlọ́pàá kan níbẹ̀ tí wọn kì í gbé kúrò. Ojoojúmọ́ ayé, ibi kan náà ló máa ń dúró sí. Ó mọ mọ́tò máníjà, ó mọ àwọn oníbàárà tó máa ń kí i tọwọ́-tọwọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sì mọ àwọn tó kàn ń mi orí sí i kọjá. Spy police ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé amí ni, pé ńṣe ló fi aṣọ ọlọ́pàá bojú kí ó lè máa ṣọ́ olè lábẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Amí wo ló ń wọ yunifọ́ọ̀mù dúró sí gbangba láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?

SPY yẹn kò ní í ṣe pẹ̀lú amí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan ni wọ́n gé kúrú, supernumerary: ẹni tó lé lórí iye. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni òfin ọlọ́pàá wa ti fàyè gba irú wọn, òfin tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2020 náà kò sì yọ wọ́n kúrò. Ẹni tó bá ní dúkìá tó fẹ́ dáàbò bò, ìbáà ṣe báńkì, ìbáà ṣe hòtẹ́ẹ̀lì, ìbáà ṣe iléeṣẹ́ epo, lè kọ̀wé sí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá pé kí wọ́n yan ọlọ́pàá fún òun. Bí wọ́n bá gbà fún un, òun ni yóò ra aṣọ sọ́rùn ọlọ́pàá náà, òun ni yóò sì máa san owó oṣù rẹ̀. Ọlọ́pàá gidi ni. Bó bá ṣẹ̀, wọn yóò bá a wí bí wọ́n ṣe ń bá ọlọ́pàá wí. Àmọ́ dúkìá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yàn án ni iṣẹ́ rẹ̀ mọ sí. Ìjọba ló ni àṣẹ orí rẹ̀, olówó ló ni agogo iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ láyé kó tó dé ẹnu ọ̀nà báńkì wa. Ojú ogun Róòmù ló ti wá. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ní iye tó gbọ́dọ̀ pé. Tí iye náà bá ti pé, tí wọ́n sì tún fẹ́ fi ènìyàn kún un, àwọn tí wọ́n fi kún un yẹn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Vegetius tó kọ̀wé nípa iṣẹ́ ogun Róòmù dárúkọ wọn. Ẹni tó bá ra gààrí rí mọ irú nǹkan yìí dáadáa. Ìyá onígààrí á kún kọ́ńgò, á fi ọwọ́ gé orí rẹ̀, á dà á sínú ọ̀rá, á wá bu ẹ̀kún ọwọ́ kan lé e. Ẹ̀ni nìyẹn. Kò sí nínú òṣùwọ̀n, kò sí nínú owó tí ẹ san, ṣùgbọ́n tí omi bá ti kàn án tán, ta ló lè tọ́ka sí èyí tó jẹ́ ẹ̀ni nínú àwo? Ibi tí ti ènìyàn ti yàtọ̀ ni pé ẹ̀ni gààrí kì í béèrè owó oṣù, kì í sì í rẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, níbikíbi tí mo bá ti gbọ́ pé ẹnìkan jẹ́ supernumerary, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó mú ìwé orúkọ lọ́wọ́, àti ìdí tí kò fi kọ ti ẹni yìí pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù. Nígbà mìíràn, nítorí kí wọ́n má baà náwó lé e lórí ni. Nígbà mìíràn, nítorí kí wọ́n lè dáàbò bò ó ni.

Orí ìtàgé ni ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀ jù lọ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Àwọn òṣèré wa nílé náà ní irú ènìyàn yìí, wákà-páàsì ni wọ́n ń pè é: ẹni tó ru apẹ̀rẹ̀ kọjá lẹ́yìn ọ̀gá òṣèré, tó jókòó sí ìdí ọtí nínú ìran ilé ẹlẹ́mu, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nígbà tí kábíyèsí ń jáde. Wọ́n máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ àwọn èrò ọjà kúrò nínú fíìmù Aníkúlápó, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá Ọ̀yọ́ ṣì jọ ìlú lójú yín.

Nínú ọ́pẹ́rà, eré tí wọ́n fi orin gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn tó ń jáde sórí ìtàgé pín sí. Àwọn olórin ńlá wà, tí orúkọ wọn ń wà lára ògiri. Àwọn ẹlẹ́gbè wà, tí wọ́n ń gbe orin ní ọ̀pọ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí kì í kọrin, tí kì í sọ̀rọ̀: ọmọ ogun, ìránṣẹ́ tó ń gbé abọ́, ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn, òkú tí wọ́n gbé kọjá nínú pósí. Àwọn wọ̀nyí ni supernumerary, super ni wọ́n ń gé e sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn níṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe lójúmọ́; ìfẹ́ orin ló gbé wọn dé ibẹ̀, owó tí wọ́n ń gbà kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká wo Aida, eré tí Verdi kọ, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ilé ọ́pẹ́rà ìlú Káírò ní 24 Oṣù Kejìlá 1871. Ní apá kejì eré náà, ọmọ ogun Íjíbítì padà wálé lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́gun Etiópíà. Fèrè ń dún, ọba jókòó, ogun ń yan kọjá. Òǹwòran ń retí ogun tó pọ̀ bí eéṣú, ilé eré náà kò sì lówó ju ti ènìyàn bíi mélòó kan lọ. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Àwọn super á yan wọlé láti apá òsì, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, ojú wọn le koko. Wọ́n á jáde lápá ọ̀tún. Bí wọ́n bá ti bọ́ sí ẹ̀yìn aṣọ ìkélé báyìí, eré dé: wọ́n á tú akoto, wọ́n á gba òmíràn, ẹni tó gbé ọ̀kọ̀ tẹ́lẹ̀ á gba àsíá, wọ́n á fẹsẹ̀ fẹ gba ẹ̀yìn lọ sí apá òsì, wọ́n á dúró mí díẹ̀, wọ́n á tún yan wọlé bí ẹni tí kò sáré rárá. Ẹni kan náà ló ń kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Nínú ìwé orúkọ, wọn kò pọ̀. Lójú òǹwòran, ìlú mì.

Láyé àtijọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sáà ti ní ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kó ṣe é. Alábòójútó ilé eré á lọ bẹ̀wẹ̀ àwọn ọmọ ogun láti bárékè, tàbí àwọn tó ń wáṣẹ́ kiri, á da aṣọ bò wọ́n, á ní kí wọ́n dúró síbí. Wọ́n á dúró bí òpó. Ẹni tó yí ìwà yẹn padà ni Duke Georg Kejì, olórí ìlú kékeré kan ní Jámánì tó ń jẹ́ Meiningen, tí orí ìtàgé wù ju orí oyè lọ. Ó pín èrò sí ọ̀wọ́ kéékèèké, ó fi òṣèré tó mọṣẹ́ ṣe olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì gbà kí ẹni méjì tó wà nítòsí ara wọn dúró bákan náà. Òfin rẹ̀ tó dùn mọ́ mi jù ni pé òṣèré tó ṣe ọba lánàá, bí kò bá ní ipa lónìí, ó gbọ́dọ̀ wọ àárín èrò, ó gbọ́dọ̀ bá wọn hó. Láti 1874 sí 1890 ni ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ fi ń káàkiri Yúróòpù. Nígbà tí wọ́n gbé eré Julius Caesar dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1881, ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ kò ju ti èrò Róòmù tó ń ru gùdù nígbà tí Antony ń sọ̀rọ̀ lórí òkú Késárì. Stanislavski, òṣèré ọmọ Rọ́ṣíà kan, rí wọn ní Mọsko ní 1890, ọ̀pọ̀ nǹkan tó kọ́ lára wọn ló sì lò nígbà tí òun náà di olùdarí eré.

Àwọn tí kò kọ́ super níṣẹ́ kì í pẹ́ rí èrè rẹ̀. Ìtàn kan wà tí àwọn ará ọ́pẹ́rà fẹ́ràn láti máa sọ nípa Tosca, eré tí Puccini gbé jáde ní Róòmù ní 1900. Ní ìparí eré náà, àwọn ọmọ ogun yóò yìnbọn pa olólùfẹ́ Tosca lórí odi, Tosca náà yóò sì bẹ́ sílẹ̀ láti ibẹ̀. Wọ́n ní olùdarí kan kó àwọn ọ̀dọ́ wá ṣe ọmọ ogun, kò sì ráyè fi eré hàn wọ́n. Wọ́n bi í léèrè ìgbà tí àwọn máa kúrò lórí ìtàgé. Ó ní kí wọ́n bá àwọn ọ̀gá òṣèré jáde. Nígbà tí àsìkò tó, wọ́n yìnbọn, ọkùnrin ṣubú, wọ́n dúró, wọ́n ń wo Tosca. Tosca sáré gun odi, ó bẹ́. Ọ̀gá òṣèré kan ṣoṣo tó kù nìyẹn. Ni gbogbo ọmọ ogun bá tò tẹ̀lé e, wọ́n ń bẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ o, bóyá àwọn alásọdùn ló hun ún o, kò sí alábòójútó super tí kò yé.

Fíìmù dé, orúkọ yí padà di extra. Ní Hollywood, èrò tó ń kóra jọ sẹ́nu géètì àwọn iléeṣẹ́ fíìmù láti wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní 1925, Central Casting, tí yóò máa pín wọn síbi iṣẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ iye ti kọjá bó ṣe yẹ ni Delhi ní ìbẹ̀rẹ̀ 1981, nígbà tí Richard Attenborough ń ya ìran ìsìnkú fún fíìmù Gandhi. Ó lé ní 300,000 ènìyàn tó jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba kọ́bọ̀. Gandhi ni wọ́n torí ẹ̀ jáde. Lónìí ẹ̀rọ ti fẹ́ gba iṣẹ́ náà. Nígbà tí àwọn òṣèré Amẹ́ríkà daṣẹ́ sílẹ̀ láti Oṣù Keje sí Oṣù Kọkànlá 2023, ara ohun tí ẹgbẹ́ wọn fẹ̀sùn rẹ̀ kan àwọn iléeṣẹ́ fíìmù ni pé wọ́n fẹ́ fi kámẹ́rà ká ara extra lọ́jọ́ kan, kí wọ́n sanwó ọjọ́ kan fún un, kí wọ́n sì máa fi àwòrán rẹ̀ kún inú èrò títí ayé. Àwọn iléeṣẹ́ náà ní irọ́ ni. Àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe níkẹyìn sọ pé ẹni tó ni ara gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, kí wọ́n sì sanwó fún un. Ó dára tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú omi, oúnjẹ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó lé lórí iye. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ayé ijọ́un ní ìwé orúkọ atukọ̀ tó ń gbowó, ó sì ní àyè fún àwọn tí ọkọ̀ kàn gbọ́dọ̀ máa bọ́. Nígbà tí ọkọ̀ Beagle gbéra ní Plymouth ní 27 Oṣù Kejìlá 1831, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 22 kan wà nínú rẹ̀ tí kò mọ okùn ọkọ̀ í fà, tí omi òkun sì ń yọ lẹ́nu gan-an. Ọ̀gá ọkọ̀, FitzRoy, ló ń wá ẹni tí àwọn jọ lè jókòó sọ̀rọ̀ bí ọmọlúwàbí. Ọ̀dọ́ náà kò gbowó, owó oúnjẹ tó ń bá ọ̀gá jẹ pàápàá, àpò ara rẹ̀ ló ti ń san án. Charles Darwin ni. Àwọn supernumerary ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ayàwòrán kan, ẹni tó ń tún àwọn agogo ọkọ̀ ṣe, míṣọ́nnárì kan, àti ọmọ ilẹ̀ Tierra del Fuego mẹ́ta tí FitzRoy ń dá padà sílé. Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún márùn-ún kí ọkọ̀ náà tó padà délé. Ta ló rántí orúkọ àwọn atukọ̀ tí wọ́n kà mọ́ iye?

Ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ìyẹn, ní Oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, HMS Myrmidon, wà lára àwọn tó gba ọmọkùnrin Òṣogùn kan tó ń jẹ́ Àjàyí sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú Potogí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Èkó. Ó lé ní oṣù méjì tí wọ́n fi gbé e kiri lójú omi kí ó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ní Sàró ní 17 Oṣù Kẹfà. Kì í ṣe atukọ̀, kò sì jẹ́ ẹrù mọ́. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn kò lè mọ̀ pé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni wọ́n ń bọ́.

Ọkọ̀ ẹrù òde òní náà ń gbé wọn: ẹnjiníà tó wá tún nǹkan kan ṣe, aṣojú ẹni tó ni ọkọ̀, ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀, àwọn oníbọn tí wọ́n gbà nítorí olè orí omi. Wọn kò sí lára àwọn tó ń wa ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá ọkọ̀ tó lè gbéra láìjẹ́ pé àyè wọn wà nínú ọkọ̀ ìdóòlà. Òkun kì í wo ìwé owó oṣù.

Àwọn Kátólíìkì ẹgbẹ́ Opus Dei, tó ti wà ní Nàìjíríà láti 1965, tún lo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wù wọ́n. Lọ́dọ̀ wọn, supernumerary ni ọmọ ẹgbẹ́ tó lè ní ìyàwó tàbí ọkọ, tó ń gbé ilé ara rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló sì pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà! Àwọn tó lé lórí iye ju iye lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àwọn ará wa jù lóde òní ni wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ní Ìlú Ọba. Nígbà kan rí, ọwọ́ iṣẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Wọ́n máa ń kà á mọ́ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, àwọn ọmọ tí kò tí ì kàwé tán sì máa ń dá nìkan bójú tó wọ́ọ̀dù lóru. Ní òpin àwọn ọdún 1980 ni ètò kan tí wọ́n pè ní Project 2000 yí i padà. Lónìí, àjọ tó ń ṣàkóso nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí níbẹ̀, NMC, ti fi í ṣòfin pé supernumerary ni akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Wákàtí 4,600 ni wọ́n ń fi kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹnu iṣẹ́.

Ẹ fojú inú wo aago méje àárọ̀. Wọ́ọ̀dù kan yẹ kó ní nọ́ọ̀sì mẹ́rin. Fóònù dún, ọ̀kan ní ara òun kò yá. Nọ́ọ̀sì àgbà gbójú sókè láti orí ìwé, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù mímọ́, tó ti ń ṣe dáadáa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí ó bá kọ ọ́ sí àyè ẹnì kẹrin, ó ti rú òfin. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè wẹ aláìsàn, ó lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó lè fún ènìyàn lóògùn bí olùkọ́ rẹ̀ bá dúró tì í. Supernumerary kò túmọ̀ sí kí ènìyàn ká ọwọ́ rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ nísinsìnyí, iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣì pé.

Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti Nàìjíríà lọ náà máa ń bá a pàdé. Ẹni tó ti ṣe mátíróònù nílé yóò dé ibẹ̀, kò ní tí ì gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ NMC. Nígbà tó bá sì gbà á tán, wọ́n sábà máa ń ní kó tẹ̀ lé ẹlòmíràn kiri wọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó kà á mọ́ nọ́ńbà. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń tẹ̀ lé kò ju ọmọ tó lè bí lọ. Ó máa ń dun àwọn kan. Lójú tèmi, kí ẹ gba ọ̀sẹ̀ yẹn tọwọ́-tẹsẹ̀, kí ẹ má sọ pé ẹ ti mọ̀ ọ́n tán, torí lọ́jọ́ tí wọ́n bá kà yín mọ́ nọ́ńbà, bí ẹ kò bá mọ ibi tí wọ́n ń kó oògùn sí, ẹ̀yin lẹ ó dáhùn fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ti ọmọdé nìkan ni. Ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí, agbẹ̀bí àgbà tó ń darí gbogbo iṣẹ́ lásìkò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ supernumerary: wọn kò gbọ́dọ̀ fa aboyún kankan lé e lọ́wọ́ bíi tirẹ̀. NHS Resolution, àjọ tó ń rí sí owó gbà-má-bínú lórí àṣìṣe ilé ìwòsàn, fi í sínú ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó dá díẹ̀ padà nínú owó tí ilé ìwòsàn san. Obìnrin mẹ́ta lè máa rọbí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí olùdarí bá ti kó sínú yàrá kan, ta ni yóò mọ̀ pé ìlùkìkì ọkàn ọmọ inú yàrá kejì ti ń rẹlẹ̀?

Nílé, àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ni wa náà ní supernumerary, láàárín àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ láti di ògbóǹtarìgì. Iṣẹ́ tí ẹlẹgbẹ́ wọn ń ṣe ni wọ́n ń ṣe, àìsùn kan náà ni, aláìsàn kan náà ni. Ilé ìwòsàn náà ni kì í san owó oṣù wọn. Ìpínlẹ̀ tàbí iléeṣẹ́ tó rán wọn wá ló yẹ kó san án. Bí oṣù bá parí tí ìpínlẹ̀ kò tí ì sanwó, dókítà náà ṣì gbọ́dọ̀ dé wọ́ọ̀dù ní aago méje alẹ́, torí orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru.